Ọwọ́ tí kò rọ náà ń fẹ́ ìtọ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Nínú àlàyé yín lórí àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ ní kí ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ máa fi òsì "tí nǹkan kan kò ṣe" jẹun, kó sì máa fi wọṣọ. Nǹkan ń ṣe é o.

Òótọ́ ni pé ọpọlọ apá òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí púpọ̀ nínú iṣan tó ń gbé àṣẹ wá ń kọjá sí òdìkejì nísàlẹ̀ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló ń jẹ nínú iṣẹ́ apá ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹni tó ń gé iṣu: ọ̀tún ń darí ọ̀bẹ, òsì di iṣu mú kó má yí. Robert Sainburg ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, ti pẹ́ lórí ìwádìí yìí. Lára ẹni tó ń lo ọ̀tún, ọpọlọ òsì ló ń ṣírò ṣáájú bí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ yóò ṣe jọ rìn, kí apá má baà fì kúrò lọ́nà. Ọpọlọ ọ̀tún ló ń mú ọwọ́ dúró ṣinṣin níbi tó bá dé, bí nǹkan tilẹ̀ tì í.

Nítorí náà, bí àrùn bá ba ọpọlọ òsì jẹ́, ọwọ́ òsì yóò wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kó tó kan ife. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún á lọ tààrà, á wá kọjá ife tàbí kó má dé ibẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá ṣe rọ tó ni àbùkù èkejì sábà ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kù fún aláìsàn. Àwọn ènìyàn kì í fura, torí agbára ṣì wà níbẹ̀: ó lè di ọwọ́ yín mú gírígírí, kó má lè de bọ́tìnì. Yorùbá tó ní a kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni kò sì kọ́ òsì náà níṣẹ́ púpọ̀ láti kékeré.

Ẹ da hóró àgbàdo 20 sórí tábìlì, kí aláìsàn máa fi ọwọ́ tí kò rọ ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́, kí ẹ fi aago wò ó. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá fi ọwọ́ kan náà ṣe é. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ sọ fún oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn. Ẹni tí ọpọlọ òsì rẹ̀ bàjẹ́ lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí tábìlì, kó máa fi ìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ti ọ̀tún bàjẹ́, kó máa gbé ìka lé orí owó ẹyọ, kó sì dá a dúró níbẹ̀ títí ẹ óò fi ka 10. Ẹ má torí èyí pa ọwọ́ tó rọ tì; ìdárayá tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dín kù.

Àwa oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì,
Ìbàdàn