Má tíì gé òroǹbó ẹ̀yìnkùlé yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ìwọ àti oníṣẹ́ ayùn ti ń sọ̀rọ̀ owó lórí gígé òroǹbó ẹ̀yìnkùlé, pé ó ti di arúgbó. Dá a dúró ná. Igi tó ti lé ní 30 ọdún lórí ìdúró kò ní wó lọ́la, àmọ́ bí o bá gé e lónìí, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ ó fi máa ra òroǹbó lọ́jà. Arọ́pò rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbìn.

Kí o tó pè é ní arúgbó pàápàá, wò ó bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Níbi tí oje bíi gọ́ọ̀mù ti ń sun nídìí igi, fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá pọ́n bíi tábà, ó ti jẹrà. Tí ibi tó jẹrà bá ti ju ìdajì àyíká ìdí igi lọ, kò sí àtúnṣe mọ́. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ha ibi tó kú kúrò títí wàá fi kan èèpo tútù, kí o sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ó lè so fún yín títí kékeré á fi dàgbà. Àfòmọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Má kàn já a. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú igi, á tún hù. Gé ẹ̀ka náà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìhà ìdí igi, kúrò níbi tí àfòmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò á ní kí o kan ìṣó mọ́ igi tàbí kí o ṣá a ládàá kó lè so. Má dá wọn lóhùn. Ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wàá gbin tuntun sí ló ká mi lára jù. Kì í ṣe ojú ibi tí àgbà wà. Gbòǹgbò tó kù sílẹ̀ á máa jẹrà, ikán á wá jẹ ẹ́, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ọmọdé igi ló kàn. Àrùn tó ń jẹ ìdí òroǹbó náà máa ń pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Wọn mítà mẹ́fà sí méje kúrò nídìí àgbà, kó jìnnà sí ògiri tó mítà mẹ́rin, kó jìnnà sí sọ́ọ̀kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn gbọ́dọ̀ débẹ̀. Gé ẹ̀ka àgbà tó bá ṣíji bò ó. Tí kò bá sí ààyè mìíràn rárá, a jẹ́ pé wàá fara da ọdún tí kò ní sí èso: hú kùkùté nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣa gbogbo gbòǹgbò tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, jẹ́ kí ihò náà yá oòrùn fún oṣù kan, kí o sì fi iyẹ̀pẹ̀ ibòmíràn dí i.

Má ra èyí tí wọ́n gbìn láti inú kóró. Á so, àmọ́ á lò tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gún rẹ̀ á sì pọ̀. Èyí tí wọ́n mú ojú òroǹbó dídùn lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn ni kí o wá. Lọ sí NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso tó wà ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, láti 1975, kí o béèrè irú òroǹbó dídùn tí wọ́n ń pè ní Agége 1 tàbí Valencia. Níbikíbi tí o bá ti rà á, wá àpá ìlẹ̀mọ́ lára igi: ó yẹ kó ga ju iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá lọ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Tí o kò bá rí àpá, wọ́n ń ta ti kóró fún ọ ni. Béèrè irú igi tó wà nísàlẹ̀ àpá náà. Lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo gbágungbàgun dára, ó ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn. Tí wọ́n bá ní òroǹbó kíkan ni, fi í sílẹ̀, nítorí àrùn tristeza máa ń pa òroǹbó dídùn tó bá wà lórí rẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá pẹ̀lú: gbòǹgbò tó ti ká kò ní nà mọ́, á fún igi lọ́rùn nígbà tó bá yá.

Gbẹ́ ihò 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ìbú àti jíjìn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí òjò oṣù karùn-ún lè bá a. Ya ilẹ̀dú òkè sọ́tọ̀, kí o po korobá méjì ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí o gbìn ín: la ọ̀rá náà kúrò, má jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fọ́, kí o gbé e kalẹ̀ kí orí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga ju ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà máa ń wọlẹ̀. Tí o bá gbìn ín ní dọ́gba, láìpẹ́ á wà nínú kòtò, omi á dúró nídìí rẹ̀, àpá ìlẹ̀mọ́ á wọnú iyẹ̀pẹ̀, ìdí á sì jẹrà bíi ti àgbà. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bu 20 lítà omi sí i, fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó ewé gbígbẹ yí i ká, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ara igi tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ló ń pa wọ́n jù: 10 sí 15 lítà omi, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ohun tó bá hù nísàlẹ̀ àpá, já a kúrò kó tó le, torí lẹ́mọ́ọ̀nù yára ju òroǹbó lọ, ó sì lè gba igi mọ́ ọn lọ́wọ́. Já òdòdó ọdún méjì àkọ́kọ́ dànù, kódà tí àwọn ọmọ bá ń sunkún.

Tí tuntun bá ti so dáadáa, pe oníṣẹ́ ayùn náà padà, nínú oṣù kìíní tàbí ìkejì. Kó gé e láti òkè wá, kó fi okùn sọ ẹ̀ka ìhà ilé kalẹ̀, torí wáyà iná wà níbẹ̀. Igi tó bá ní àrùn, ẹ sun ún. Kí o sì sọ owó híhú kùkùté mọ́ tigi kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gba owó tán, kò ní rántí kùkùté.

Èmi ni,
Bàbá rẹ