Mi ò fi sáírìn sọ́kọ̀ aládàáni mọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe, Òjóo níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ọkọ̀ tí ò bá tanná, èyí tí bátìrì ẹ̀ ń kú mọ́jú, èyí tí họ́ọ̀nù ẹ̀ ń dún fúnra ẹ̀ lóru, gbogbo ẹ̀ la máa ń rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde ni ti sáírìn àti iná pupa òun búlúù táwọn èèyàn ń fi sórí píkọ́ọ̀pù ara wọn, àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí wọn kì í ṣe panápaná, tí wọn ò sì gbé aláìsàn kankan. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa tórí pé èmi fúnra mi ti fi sí i féèyàn mẹ́ta.

Ẹni tí mo ṣe é fún kẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ni, Hilux tòkúnbọ̀ ló gbé wá, ó tọ́jú gbogbo ẹ̀ sínú páálí: iná gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbé sórí ọkọ̀, kéékèèké mẹ́rin tá a máa fi pa mọ́ sẹ́yìn gírílì, sáírìn 100 watts pẹ̀lú sípíkà ẹ̀ àti maikirofóònù. Mo bi í pé ṣé Àmọ̀tẹ́kùn ni yín ni àbí síkọ́ríítì, ó ní rárá o, òun kàn fẹ́ kí wọ́n máa yà fóun ní Ìwó Road ni. Ó ní "Ọ̀gá, mi ò lè máa jókòó sínú họ́dọ́ọ̀pù bíi gbogbo èèyàn." Owó tó mú wá tó san owó ṣọ́ọ̀bù mi fún oṣù mélòó kan, mo gbà á, mo sì ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, mo fa wáyà tó nípọn tààrà látorí bátìrì, mo fi fíùsì sí i lẹ́bàá bátìrì níbẹ̀, mo gbé e gba inú riléè, ìyẹn súìṣì tó ń fi iná kékeré darí iná ńlá, ẹsẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lọ sí bátìrì, 87 lọ sí sáírìn, 85 àti 86 lọ sí súìṣì àti bọ́dì, tórí sáírìn 100 watts lórí bátìrì 12 volts á fa iná tó ampere mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ò lè so ìyẹn mọ́ wáyà tín-ín-rín tó ń gbé rédíò.

Àwọn kan ń so ó bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi tí wọ́n ní iná iwájú ẹ̀ ń ṣẹ́jú, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn rọ́bà tó ti jó ló kọ́kọ́ gbà mí nímú. Ẹni tó ṣe é so sáírìn mọ́ wáyà iná iwájú, kò fi fíùsì sí i, kò fi riléè sí i, téèpù dúdú ló kàn wé e. Nígbà tí mo bó téèpù yẹn, rọ́bà ara wáyà ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀sì, bàbà inú ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní òórùn yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, òun rò pé ti kọ̀láǹtì ni. Inú ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti wáyà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, wáyà ṣe é tún ṣe.

Mọ́kọ́lá ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Mò ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Thursday kan, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, ọkọ̀ ò rìn rárá, gbogbo wa kàn ń sún bí ìgbín, la bá ń gbọ́ sáírìn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó yà. Onímáíkírà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọrí síta, ó ní "ẹ má dá a lóhùn jàre, àwọn olówó yẹn náà ni", àwọn èrò inú ọkọ̀ ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, kó dúró bíi tiwa. Èmi náà ò yà. Mo gbọ́ ohùn yẹn o, ohùn gígùn tó máa ń gòkè tó tún máa ń wálẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ìbejì mi, ohun tó kàn wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá ọ̀kan nínú àwọn tí mo ṣe ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wẹ̀yìn, ó ní "Ọ̀gá, áńbúláǹsì mà ni o." Mo wo díńgí, lóòótọ́ ni. Ká tó rí ibi tá a máa rọ́ ọkọ̀ sí, ká tó bẹ onímáíkírà, kó tó bẹ ẹni iwájú ẹ̀, ó pẹ́. Nígbà tó máa fi kọjá lára wa, mo rí inú ẹ̀ lójú fèrèsé, ìyá kan ló wà níbẹ̀, ó fọwọ́ kan di ibùsùn mú, ó fọwọ́ kejì gbé omi dírípù sókè, gèlè ti ṣí lórí ẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ibẹ̀ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá yẹn, tí ọ̀nà bá là, tẹ́ ẹ bá gba Total Garden, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. UCH yẹn, láti 1957 tí wọ́n ti ṣí i ni wọ́n ti ń gbé èèyàn wá síbẹ̀ láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìṣẹ́yìn, èèyàn á rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, á wá há sí Mọ́kọ́lá tórí pé àwa tá a wà níwájú ò gbàgbọ́ pé òótọ́ ni.

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, aago mẹ́jọ alẹ́ ò tíì lù, ilé mì títí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí sáírìn dúró bíi tòun. Nígbà tí ọkàn èèyàn bá ti mọ̀ pé ewu ló ń dún, á yà, àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe ìkà. Àwọn tó ń fi sáírìn lọ ra súyà ló ń kọ́ wa láti di etí wa, àwọn tó sì ń bá wọn fi sí i ni irú èmi.

Ọmọkùnrin oní-Hilux yẹn fi fídíò kan hàn mí lọ́jọ́ yẹn, àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí wọ́n fi iná sórí píkọ́ọ̀pù ara wọn, ó ní ṣé ẹ rí i, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Panápaná tí kì í gbowó oṣù ni wọ́n, ilé wọn tàbí ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n máa ń wà, tí iná bá ń jó wọ́n á pè wọ́n, wọ́n á gbé ọkọ̀ ara wọn sáré lọ. Ní New York, iná búlúù ni tiwọn, ti àwọn tó ń bá áńbúláǹsì ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ọ̀gá panápaná sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí ẹnì kan tó lè fi búlúù yẹn sọ́kọ̀. Síbẹ̀ náà, iná yẹn ò fún un láṣẹ láti kọjá níbi tí iná tíráfíìkì bá ti pọ́n, ńṣe ló kàn ń bẹ àwọn tó kù pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i gan-an ń bẹ̀bẹ̀, àwa tí ò lẹ́tọ̀ọ́ ń fi í lé èèyàn sínú gọ́tà.

Ẹnì kan wà tó ṣòro fún mi láti kọ̀ fún. Bàbá kan ládùúgbò wa, píkọ́ọ̀pù Tacoma ni wọ́n ń wà, tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọn ò mọ̀ rí ti ta sí bùbá wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n pè mí, wọ́n ní "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi fi sáírìn sí i, ẹ̀mí ni mo fẹ́ fi gbà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan míì. Mo fi iná funfun tó mọ́lẹ̀ kedere sẹ́yìn ọkọ̀ kí wọ́n lè máa rílẹ̀ lóru, mo tún hásáàdì wọn ṣe, mo ní kí wọ́n ra C-caution, àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé sójú ọ̀nà, méjì kún èyí tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sínú ọkọ̀, mo sì kọ 122 sára dáṣíbọ́ọ̀dù fún wọn, nọ́ńbà Road Safety ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Tórí ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti yẹ̀, tẹ́ ẹ bá kàn gbé e jù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ẹ lè fi eré ba tiẹ̀ jẹ́ pátápátá. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní ó dáa.

Ọlọ́pàá àti Road Safety ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ẹni tí ò láṣẹ ò gbọdọ̀ lo sáírìn, kì í ṣe òfin tuntun. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí sì ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiẹ̀ kí ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, èyí tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága ẹ̀ àkọ́kọ́, kò yẹ kó jẹ́ níbí lọ̀rọ̀ ojú pópó á ti bàjẹ́ tó báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ máa bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oní-Hilux bẹ́ ẹ ṣe ń bèèrè pátíkúlá lọ́wọ́ onímáíkírà. Ẹ̀yin ríwáyà ẹgbẹ́ mi, mo sọ ọ́ ní mítíìn, ẹnì kan ní tí mi ò bá ṣe é ẹlòmíì á ṣe é. Kó má jẹ́ èmi. Mo ní ká fẹnu kò pé ẹni tí ò bá mú ìwé wá ò ní í rí ríwáyà kan tó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹ̀, wọn ò tíì gbà, màá tún sọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ti pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ṣe é fún, mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, màá tú u lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ti wá. Páálí ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi báyìí, sípíkà, wáyà, riléè, gbogbo ẹ̀ pé. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n tà á, mo ní rárá. Mo ṣì ń dúró de àwọn méjì tó kù.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, oníríwáyà,
Òjóo, Ìbàdàn.