Owó Ìdánwò Àwọn Ọmọ Wa: Ìpè sí Ọmọ Ẹ̀gbá Nílé Lóko

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, nílé àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ kú àìgbàgbé ilé.

Ọ̀rọ̀ owó la bá wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé wa bá ọmọbìnrin kan nínú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ó ń ká àdìrẹ. Ó ti dé kíláàsì àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ ti san ìdajì owó WAEC. Ìdajì tó kù ni kò rí, ọjọ́ sì ń lọ. Irú wọn pọ̀ nílùú.

Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti la fi orúkọ rẹ̀ sọ àpò owó tí a dá sílẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe pé a kàn ń wá orúkọ ńlá. Dáódù, bí àwọn èèyàn ti ń pè é, ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé Abẹ́òkúta Grammar School ní 1908. Òun náà ló padà wá ṣe ọ̀gá ibẹ̀ láti 1932 títí di 1954. Kò fi kọ́là àlùfáà sá fún ìjà ìlú. Nígbà tí owó oṣù tíṣà ilé-ìwé ìjọ kò tó ti ẹgbẹ́ wọn lọ́dọ̀ ìjọba, ó wà lára àwọn tó dá NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1931, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún. Nínú ọgbà ilé-ìwé rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà níwèé, kí ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin tó dìjà.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà la bù lé ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tiyín gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a, kó mú ohun tó bá rọrùn wá. Ohun tí a ò fẹ́ ni ìlérí: tọdún tó kọjá ṣì wà nínú ìwé akápò, owó rẹ̀ la ò tíì rí.

Akápò ni yóò san owó náà fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀, yóò sì fi rìsíìtì hàn nípàdé. Àkáǹtì tí ẹ ń san owó oṣù sí náà ni. Ẹ ṣáà kọ “Dáódù” sí i, kí wọ́n má baà kà á mọ́ owó aṣọ Ọjọ́ Lísàbí.