Lẹ́tà sí Àkànní: ihò tó ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu

Leeds,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Òtútù ti wọlé dé níbí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n ara le, ọpẹ́ ni.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní kí n má fi gírámà bò ọ́ mọ́lẹ̀, kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an, torí pé bí àwọn èèyàn bá bi ọ́, "ó ń ṣe sáyẹ́ǹsì" nìkan lo rí sọ. Ó dáa. Inú ìsọ̀ rẹ ní Dùgbẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, tí ìwọ máa ń gbọ̀n dànù, silica gel ló wà nínú rẹ̀. Wóró rẹ̀ le, ó ń dán, àmọ́ inú rẹ̀ kún fún ihò tí ojú kò lè rí. Ara ògiri àwọn ihò yẹn ni ọ̀rinrin inú páálí ń lọ lẹ̀ mọ́, tí bàtà kò fi ní bu. Àwọn kan wà tí wọ́n fi cobalt chloride sí: bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á jẹ́ búlúù, bí wọ́n bá mu omi yó, wọ́n á di píǹkì, yá wọn lórí ooru, búlúù á padà dé. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi irú ìyẹn ṣeré o. Àwọn ará Yúróòpù ti kà á mọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. Èyí tó funfun lásán kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ẹbí silica gel yìí ni ohun tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ihò tirẹ̀ kò ní ètò, bó ṣe bọ́ sí ló bọ́ sí. Tiwa, àwa la ń yàn bí ihò ṣe máa fẹ̀ tó àti bó ṣe máa rí. MOF ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkékúrú metal-organic framework. Átọ́ọ̀mù bàbà tàbí síǹkì la fi ń ṣe orígun, mólékù oníkábọ́ọ̀nù la sì fi ń so orígun kan mọ́ èkejì. Òfìfo tó wà láàárín wọn gan-an la ń wá. Ìyókù kàn ń dì í mú ni. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ MOF-5: bí o bá mú gíráàmù méjì péré nínú rẹ̀, tí o sì lè tẹ́ gbogbo ògiri ihò rẹ̀ sílẹ̀, á tó pápá bọ́ọ̀lù.

Bóyá o tilẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò ní oṣù tó kọjá, torí àwọn mẹ́ta tó là á sílẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì lọ́dún yìí: Richard Robson, Susumu Kitagawa àti Omar Yaghi. Yaghi ni ìròyìn ń pariwo jù, ọmọ àwọn ará Palẹ́sìtínì tó sá kúrò nílùú wọn, tí wọ́n bí sí Amman ní Jọ́dánì. Kò yani lẹ́nu, òun ló fi MOF fa omi mímu jáde nínú afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Arizona. Èmi, ọ̀rọ̀ Robson ló wọ̀ mí lára. Abúlé Glusburn tí wọ́n bí i sí lọ́dún 1937 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbí. Melbourne ló lọ di olùkọ́ sí. Ní 1974 ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù onígi ṣe àwòṣe mólékù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní láti sọ fún àwọn tó ń bá a ṣe é ibi tí wọ́n máa dáhò sí lára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ó wá rí i pé ibi tí ihò bá wà ti sọ bí gbogbo ilé náà ṣe máa rí. Ó gbé èrò yẹn sínú ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó dán an wò. 1989 ló tó gbé e jáde, bàbà ló fi ṣe orígun.

Kitagawa, ní Kyoto, ló sọ ohun tí iṣẹ́ tèmi dúró lé. Ní 1998 ó ní kò pọn dandan kí ilé yìí le gbagidi, ó lè rọ̀, ó lè máa mí. Òótọ́ sì ni: àwọn ará Faransé tó wà lábẹ́ Gérard Férey ṣe ẹbí kan tó ń jẹ́ MIL-88. Bí ohun olómi tó bá a mu bá wọnú àwọn kan nínú wọn, wọ́n á wú ju ìlọ́po méjì lọ láì tú ká.

Ohun kíkan, ìyẹn ásíìdì, náà ń ṣiṣẹ́ lára àwọn MOF kan. Ọ̀kan tó ń jẹ́ ZIF-8 dúró digbí nínú omi lásán, àmọ́ bó bá débi tó kan, ó ń tú. Inú kókó jẹjẹrẹ sì máa ń kan díẹ̀ ju ara tó dá ṣáṣá lọ. O ti mọ ibi tí mò ń lọ: àwọn olùwádìí ń kó oògùn jẹjẹrẹ sínú rẹ̀, kó lè dé ojú àìsàn kó tó tú u sílẹ̀. Inú yàrá ìwádìí ló ṣì wà o. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún ọ, lé e.

Ìmọ́lẹ̀ wá ni tèmi. Mólékù aláwọ̀ ọsàn kan wà tó ń jẹ́ azobenzene. Ó nà gbọọrọ. Tan iná ultraviolet, èyí tí ojú kò lè rí, sí i, á ká. Tan iná tí ojú ń rí sí i, tàbí kí o mú un gbóná, á nà padà. Láti 1937 ni G. S. Hartley ti kọ̀wé nípa èyí tó ká yẹn. Ní 2013, àwọn kan ní Ọsirélíà fi azobenzene sínú MOF tó ń gba CO2, gáàsì tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò rẹ ń tú síta. Wọ́n tanná sí i, ó tú apá ńlá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n paná, ó tún ń gbà á. Ìdí tí inú mi fi ń dùn sí i ni pé ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ jù báyìí ni kí omi tí wọ́n po kẹ́míkà tó ń jẹ́ amine mọ́ mu CO2, kí wọ́n wá se omi yẹn títí ooru rẹ̀ á fi tó nǹkan bí 120 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Owó iná ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oòrùn kì í gba owó.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í wọnú, ibẹ̀ ni ìjà wa wà. Azobenzene tó wà lójú wóró ti gbé gbogbo rẹ̀ mì kó tó dé inú. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó bá sùn sáàárín èèyàn márùn-ún lórí ẹní kan mọ bó ṣe nira tó láti yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mólékù tó há gádígádí kò lè ká. Ọ̀gá mi fẹ́ kí azobenzene jẹ́ òpó ilé náà fúnra rẹ̀, kí a sì ṣe gbogbo rẹ̀ ní pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín. Èmi ní ká so ó rọ̀ sínú ihò bí ẹ̀ka, kí òpó dúró jẹ́ẹ́. A ṣì ń fà á. Fóòlì la fi ń wé gbogbo ìgò wa, torí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ti tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Ní oṣù tó ń bọ̀ a óò gbé díẹ̀ lọ sí Diamond, lẹ́bàá Didcot, níbi tí wọ́n ti ń fi X-ray tó lágbára wo inú irú nǹkan báyìí. Ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá òpó ọ̀gá mi ń tẹ̀ ni tàbí ó ń sán. Bó bá sán, èmi ni mo jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò ní lè sọ ọ́ sókè.

Bá mi kí Màmá. Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ti ń san, pé wọ́n tún ti ń lọ sọ́jà. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n rọra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyìndé.