Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: "Kì í sinmi" kì í ṣe oríkì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí tán kí Ọjọ́rú tó dé, orí ọpẹ́ ni mo sì gbé e lé. Mo ti gbé ìyẹn tì. Ẹni tó wà pẹ̀lú wa lálẹ́ ọjọ́ náà mọ ìdí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ máa bi ẹni tó jókòó tì yín nígbà tí ìsìn bá ń lọ.

Gbólóhùn kan ni kò kúrò létí mi láti ìgbà náà. Ó lé ní ẹni mẹ́wàá tó sọ ọ́ nípa ẹni wa tó di olóògbé, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́: "Kì í sinmi." À ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki oríkì. Bí a sì ti ń sọ ọ́, fóònù rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń gbọ̀n, tó ń tàn, tó ń ṣú, tó tún ń tàn, torí pé níbìkan, àwọn kan ṣì ń dúró de ìwé tí wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí.

Ẹ bá mi ṣí Ẹ́kísódù orí 18. Bí a bá ti gbọ́ Jẹ́tírò, àna Mósè, kíá lọkàn wa máa ń lọ sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ̀rún àti olórí ọgọ́rùn-ún tó ní kí Mósè yàn. Ẹ má tíì sáré débẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 2.

Jẹ́tírò ò dá wá. Ó mú Sípórà aya Mósè wá, òun pẹ̀lú ọmọkùnrin méjèèjì, Gẹ́ṣómù àti Élíésérì. Mósè ti rán obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ ṣáájú, nítorí náà ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Ẹ wá wo ẹsẹ 7. Mósè jáde lọ pàdé àna rẹ̀, ó tẹríba, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, wọ́n bi ara wọn léèrè àlàáfíà, wọ́n sì wọ inú àgọ́. Kí ni wọ́n bá wọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ohun tí Olúwa ṣe sí Fáráò, àti wàhálà tó bá wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Sípórà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwé Mímọ́ kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe kí wọn. N kò ní sọ pé kò kí wọn. Ohun tí a kò kọ, ẹ jẹ́ ká má fi kún un. Àmọ́ ẹsẹ 13 ò fún wa níbi tá a lè sá sí: lọ́jọ́ kejì tí ìdílé rẹ̀ dé, ọjọ́ kejì gan-an, Mósè lọ jókòó sídìí ìdájọ́, àwọn èèyàn sì dúró yí i ká láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ta ló rí i pé nǹkan ò lọ déédéé? Árónì ò rí i, bẹ́ẹ̀ òun àtàwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun pẹ̀lú wọn ni. Àwọn tó tò láti àárọ̀ ò ráhùn. Wọ́n rò pé bí ìlà ṣe máa ń gùn nìyẹn. Mósè fúnra rẹ̀ ò rí i. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní nítorí pé àwọn èèyàn ń wá sọ́dọ̀ òun ni. Ẹ tẹ́tí sí ìdáhùn yẹn dáadáa, torí òun náà lọ̀pọ̀ ọ̀gá ń sọ fún ẹni tó gbé oúnjẹ dè é láago mẹ́sàn-án alẹ́: "Èmi ni wọ́n ń wá." Àlejò ló rí i. Kò sí lára àwọn tí Mósè ń bá ṣiṣẹ́, ọmọ tiẹ̀ ló sì wà nínú àgọ́ tó ń retí.

Ohun tó sọ ní ẹsẹ 18 ni mo ń yí po láti Ọjọ́rú. Kò mọ sí pé yóò rẹ Mósè. Ó ní yóò rẹ Mósè, yóò sì rẹ àwọn èèyàn náà. Ọ̀gá tó bá gbé gbogbo ìpinnu sórí ara rẹ̀, òun gan-an ni ìlà tó ń gùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: orí 12 ní àwọn ọkùnrin tó fẹsẹ̀ rìn tó nǹkan bí 600,000. Bí a bá fi olórí kan sórí ẹni mẹ́wàá-mẹ́wàá, olórí 60,000 nìyẹn. Ọkùnrin kan ló jókòó síbi iṣẹ́ gbogbo wọn, ó sì ń rò pé iṣẹ́ ìsìn lòun ń ṣe.

Másùnmáwo, orúkọ ẹ̀ ti sọ ohun tó kọ́kọ́ ń jí lọ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àmì mẹ́ta sílẹ̀ tí a fi ń mọ ẹni tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ ti tán lókun: agbára á tán nínú rẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á máa rí i lára, á sì máa fẹnu gún àwọn tó yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní já fáfá mọ́. Wọn ò pè é ní àìsàn. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ní ó ti wá, nígbà tí a kò bá bójú tó o. Lọ́dún 2021, àjọ yìí àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tún gbé ìwádìí jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù ú. Ẹ ka tiyín. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méje alẹ́, ọjọ́ márùn-ún, 55 nìyẹn, bí ẹ kò bá dìde jẹun, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í dìde. A ò tíì ka ímeèlì tí ẹ dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìmọ̀ràn Jẹ́tírò ṣeé mú lọ sí ọ́fíìsì. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ gbogbo ìpinnu tí wọ́n bá gbé wá bá yín sílẹ̀: ta ló gbé e wá, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ya á sọ́tọ̀: èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ láṣẹ láti fọwọ́ sí, èyí tí ẹlòmíràn lè ṣe bí ẹ bá kọ́ ọ, àti èyí tí kò yẹ kó dé tábìlì yín rárá. Nínú ti àárín, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ má mú márùn-ún, ẹ gbé e fún ẹnì kan. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó yọrí sí fún un, iye owó tó lè ná láìbi yín, ọjọ́ tó máa wá jíṣẹ́, àti irú ọ̀ràn tó gbọ́dọ̀ gbé padà wá. Ẹsẹ 22 nìyẹn: ńlá kó wá bá Mósè, kékeré kí wọ́n parí níbẹ̀.

Ẹ ní ẹ ti dán an wò rí, ó bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ lẹ gbé fún un, àṣẹ ò tẹ̀ lé e. Ó wá ń padà wá béèrè ní gbogbo ìgbésẹ̀, ẹ sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Tàbí kó ṣàṣìṣe kan lọ́sẹ̀ kejì, kẹ́ ẹ já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ 20 ní kí Mósè kọ́ wọn ní òfin, kí ẹsẹ 21 tó ní kó yàn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ yín á tiẹ̀ pọ̀ sí i ni, torí ẹ̀ ń kọ́ni, ẹ sì ń ṣe tiyín. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn. Bó bá gbé ìṣòro wá, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo rò pé ká ṣe?", kẹ́ ẹ sì dákẹ́ títí tó fi máa dáhùn.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nínú ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀ àti mẹ́ta tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe lọ́la, kẹ́ ẹ pa ìwé náà dé. Pálọ̀ ni kí fóònù ti gba iná, kó má ṣe sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ra aago tí ń jíni lọ́tọ̀. Pàjáwìrì ńkọ́? Ẹ yan ẹnì kan tó lè pè yín, kó pè, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ohun tí kò tó kéèyàn pè lé lórí lè dúró di àárọ̀. Kọfí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn láago mẹ́wàá. Líìfù, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ kan dán adelé yín wò kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Àyà tó bá ń fún bí ẹni pé ẹrù wúwo jókòó lé e, ìrora tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n, òógùn tútù, èémí tó ń ké kúrú: ẹ kì í sọ pé "ẹ jẹ́ n parí mítíìnì yìí ná." Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì wakọ̀ fúnra yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ̀wé sí ọmọ iṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́, tí ẹ wá ń sọ pé "mi ò ní kó dáhùn nísinsìnyí", kí lẹ rò pé ó ń ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́? Ẹ lè kọ ímeèlì náà lóru kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ kó lọ láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tún ń béèrè lọ́sẹ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó tutù, pé ta ló máa gba ipò: ẹ tijú.

Ìjọ yìí náà ò bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ètò í ṣe níbi iṣẹ́, òun náà la fi ń ṣe alága ìkọ́lé, òun la fi ń ṣe akápò, òun la tún ń pè láàárín òru pé iná ti lọ nínú ilé ìjọsìn. Mítíìnì aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ má rò pé mo ń bá ẹni tó ti rẹ̀ jà. Mósè gbọ́ràn ní ẹsẹ 24, ó ṣe gbogbo ohun tí àna rẹ̀ wí, síbẹ̀ nínú Númérì orí 11, ó tún tán lókun débi pé ó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Ọlọ́run ò bá a wí. Ó ní kó kó àádọ́rin àgbà jọ, kí wọ́n bá a gbé ẹrù náà. Bó bá ti dé ibẹ̀ yẹn fún yín, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí. Ilẹ̀kùn mi ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú àgọ́, tí ẹ ti ń dúró tipẹ́, mo rí yín. Olúwa náà rí yín.

Àwọn ìkéde (ààyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán): Kò sí mítíìnì Ọjọ́bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Àìkú la ó máa ṣe é, ìṣẹ́jú 45, mo máa wo aago. Àwọn nọ́ọ̀sì wa yóò yẹ ìfúnpá wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kẹ́ ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kàn yín. Ẹgbẹ́ akọrin, aago méje alẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa túká. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ọmọdé lọ, ẹ dá a padà. Àwọn tó fẹ́ lọ kí ìdílé náà, orúkọ àti ọjọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì ní kí wọ́n tún ìtàn náà sọ. Fóònù yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì mi. A ti pa á. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n wá gbà á.