Ta ló wa mọ́tò yẹn lálẹ́ Sátidé?

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo pè ẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè o ò gbé e, mo pè lọ́sàn-án o ò gbé e, ìgbà tó di alẹ́ lo wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé "Mọ́mì, ọwọ́ mi dí díẹ̀, màá pè yín padà." Òní ti di Tọ́sìdeè. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, torí bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù wàá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, àti pé bàbá yín ò jáde lọ́sẹ̀ yìí, orí àga inú pálọ̀ ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbọ́.

Ewúrẹ́ ti bímọ, méjì ni, ìkan dúdú kirikiri. Kò síná látọjọ́ Furaidé, tíránsífọ́mà ló bàjẹ́, wọ́n ní ká dáwó, a ti dá tiwa. Àbúrò ẹ ti ṣe ìdánwò ẹ̀ tán.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Oníbàárà mi kan tó máa ń ti Ìkòròdú wá ra ẹja lọ́jà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí ló kàn ṣàdédé ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, mo rí ọmọ yín ní Sàbó lọ́jọ́ Sátidé, ara ẹ̀ ti yọ o." Mo dúró síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi kúrò n'Íbàdàn, ó gba Ṣàgámù wọ Ìkòròdú, ó sun oorun ọjọ́ méjì nílé àbúrò mi, bó bá kọjá Ìtòíkìn ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu oníbàárà ni mo ti wá gbọ́ ọ. Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú, odindi ewùrà tí mo tọ́jú torí ìkọ́kọrẹ́ ẹ, mo ti fi din ọ̀jọ̀jọ̀ fáwọn ọmọ aládùúgbò. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ àǹkù yín ló gbé gbogbo fàájì yín sórí WhatsApp, àbúrò ẹ ló fi hàn mí. Mo rí jọ́lọ́ọ̀fù ráìsì, mo rí àsun, mo rí pẹpẹ́ súùpù ẹja àrọ̀ (ẹja inú pọ́ńdù ni, mo wò ó báyìí mo mọ̀ pé kì í ṣe tọ̀sà, àǹkù yín ò kì í fẹ́ náwó sẹ́ja). Mo rí ibi tẹ́ ẹ ti wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò tẹ́ ẹ ń lọ sí Fàlómọ̀, gbogbo yín wọ láífú jákẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn, mo ṣàdúrà fún yín níbẹ̀ pé àwọn ọmọ yìí mà gbọ́n. Mo wá rí tábìlì tálẹ́. Ẹni mẹ́ta ló jókòó sí i. Mo ka ìgò, ìgò ńlá, mọ́kànlá. Èyí tó gbẹ̀yìn ni fídíò inú mọ́tò, ilẹ̀ ti ṣú, orin ń dún kíkankíkan, ẹ ń pariwo, ọwọ́ kan sì wà lórí sìtíárìn. Ọwọ́ nìkan ni mo rí, mi ò rójú ẹni tó ni ín.

Àkànní, ta ló wà nídìí mọ́tò?

Mọ́tò ẹ ni, mo mọ̀ ọ́n, torí tẹ̀sùbáà Àlájì àgbà tí mo so mọ́ dígí iwájú ń jù síwá jù sẹ́yìn nínú fídíò yẹn. Mo ní kí àbúrò ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù tèmi torí ó ní bó bá ti pé wákàtí 24 ó máa pòórá. Mo ti wò ó títí bátìrì fi kú. Aago wà lọ́wọ́ yẹn. Ìwọ náà ń wọ aago. Àmọ́ àǹkù yín ń wọ aago, ta ni ò ní aago.

Má sọ fún mi pé o ò mu púpọ̀. Má sì sọ fún mi pé o ti wẹ̀, o ti mu kọfí kẹ́ ẹ tó jáde. Àbúrò ẹ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti là á yé mi, ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọtí kúrò lára èèyàn, kò sì sẹ́ni tó lè lé e léré, ìgò ńlá kan péré lè gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó kúrò lára. Omi tútù ò ràn án, kọfí ò ràn án, epo pupa táwọn bàbá yín máa ń gbé mu kò ràn án. Ó ní ẹni tó yó tó wá mu kọfí, ọ̀mùtí tí ò róorun sùn lásán ni. Tó o bá wá mu ìgò mẹ́rin kó o tó sùn láago méjìlá, ilẹ̀ á mọ́, wàá fọ eyín, wàá wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ọtí ṣì wà lára ẹ, òun lẹ jọ ń lọ sí Ìbàdàn. Ṣé o mọ ìyẹn? Èmi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní kó o má ṣefàájì o. Mo mọ bó o ṣe ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé látìgbà tó o ti wà ní kékeré o kì í jẹ́ kí n gbé agbọ̀n ẹja tí mo bá ti pè ẹ́, Ọlọ́run á pa ẹ́ mọ́ fún mi. Ìlú tiwa náà ìlú fàájì ni. Ọdún Káyòkáyò tá à ń ṣe níbí, ká yó, ká yọ̀ ni wọ́n ń wí, àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sá wá síbí lẹ́yìn táwọn òyìnbó fìbọn lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, àwọn ọmọ wọn ló ń ṣe é, ẹni tí orí bá kó yọ lọ́wọ́ ogun ó yẹ kó jẹun kó sì yọ̀. Àmọ́ yíyó tí wọ́n wí yẹn, yíyó oúnjẹ ni.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ tí mi ò sọ fún ìkankan nínú yín rí.

Ẹsẹ̀ bàbá yín. Tírélà tá a máa ń sọ, èyí tí ò tanná tó já lù wá lójú ọ̀nà Ìtòíkìn. Kò sí tírélà kankan níbẹ̀.

Ọdún 1999 ni. Ìkómọ la lọ ṣe nílé àǹkù yín, ọmọ tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ náà, òun náà ló gbé fídíò yín sórí WhatsApp yìí. Ọmọ Àlájì ni bàbá yín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, torí náà tá a bá ti dé Ìkòròdú lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tèmi ló máa ń rójú mu. Èmi sì ni mo máa ń gbé e fún un. Inú mi máa ń dùn, mo rò pé ó nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn mi ni. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà létí ìró mi, mo ta á ní kókó. Nígbà tó máa di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó ní kí n mú un wá. Mo wojú ẹ̀, mo sì rí i. Kó má di pé mo ń sọ pé mi ò rí i. Àǹkù yín ní ẹ sùn síbí, ilé gbà yín. Èmi ni mo ní rárá. Mo ti kó ẹja sórí àgbá nílé, agbọ̀n mẹ́ta, mo fi ọmọ aládùúgbò ṣọ́ ọ, àyà mi ń já pé kó má jó. Mo tún ń rò ó pé tá ò bá wálé, Àlájì á béèrè ohun tó dá wa dúró. Mo tú etí ìró mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Kò já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Àǹkù yín bá wa lọ, ó ní òun ò lè jẹ́ ká dá lọ. A ti kọjá Ìtòíkìn, a ti ń sún mọ́ Odò-Ràgúnṣin, mi ò gbọ́ bíréèkì, mo kàn rí i pé títì ò sí níwájú wa mọ́, koríko ni, lẹ́yìn náà igi. Orí itan mi lo wà, o ò tíì pé ọdún méjì. Kò sóhun tó ṣe ẹ́. O ò tiẹ̀ sunkún, ojú mi lò ń wò ṣáá. Bàbá yín ń ké. Àǹkù yín, apá ẹ̀ òsì tó ti dá, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ní tírélà ni." Bá a ṣe sọ ọ́ fáwọn dókítà nìyẹn, bá a ṣe sọ ọ́ fún Àlájì nìyẹn. Títí Àlájì fi kú ló ń ṣépè fún dẹ́rẹ́bà tí ò sí. Bàbá yín náà máa ń sọ ọ́ fáwọn àlejò báyìí, ó ní pupa ni tírélà náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbà á gbọ́. A ò jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí, àwa méjèèjì, láti 1999.

Ẹja yẹn ò jó o. Ọmọ yẹn bá mi wò ó dáadáa.

Torí náà lọ́dún tó kọjá tó o pè mí pé owó mọ́tò tókunbọ̀ yẹn kù díẹ̀, tí mo fi owó ẹja kún un, táwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, inú mi dùn, àmọ́ lóru ó dà bíi pé mo tún ń tú etí ìró mi.

Mo ti pe àǹkù yín. Mo bi í pé ta ló wa mọ́tò. Ó ní "Àǹtí mi, ṣebí gbogbo wa délé láyọ̀, kí lẹ tún ń wá?" Òun! Òun tí apá ẹ̀ ò tíì nà tán dòní. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ló wà á, ìwọ lo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, òun ló wojú ẹ tó dákẹ́. Mi ò mọ èwo ló sàn níbẹ̀, mo ti rò ó títí.

Ìyàwó àǹkù yín ò kì í mutí. Òun ni kó o fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ mìíì, kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò àkọ́kọ́, kó o ní kó má fún ẹ títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ì báà jẹ́ pé o bú u. Bí ilé ò bá sì gbà ọ́ níbẹ̀, sun ìsàlẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé orí ẹní lo ti ń sùn kó o tó lówó bẹ́ẹ̀dì.

Ẹja àrọ̀ mẹ́fà ni mo yan fún ẹ, tọ̀sà ni, kì í ṣe ti pọ́ńdù. Dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sí Ìbàdàn á gbé e lọ́la, mo ti sanwó ẹ̀, má jẹ́ kó pẹ́ ní gáréèjì. Pè mí tó o bá ti rí i gbà. Bàbá yín lè jẹ́ ẹni tó máa gbé fóònù. Tó bá gbé e, sọ pé ọ̀rọ̀ ẹja ni. Ó máa gbé e fún mi, èmi á jáde lọ sẹ́yìnkùlé kó o wá sọ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá ẹ