Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Kì í Wọ Aṣọ Funfun

Ẹ̀gbọ́n mi,

Àná ni èsì Àdùkẹ́ jáde. Glanzmann ni, àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Láti ọdún 1918 ni oníṣègùn ọmọdé ará Switzerland tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará Òjé sì ń sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ló gbóná.

Platelet Àdùkẹ́, ìyẹn àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́, jẹ́ 280,000, ó pé pérépéré. Ohun tó tàn wọ́n lórí tiyín náà nìyẹn: wọ́n kà á, ó pé, wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n lè pé kí wọ́n má lè ṣiṣẹ́. Èyí tí platelet fi ń di ara wọn mú ni kò sí lára wọn, wọn ò lè ṣù jọ dí ojú ọgbẹ́. Àyẹ̀wò tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣù jọ ló tú u fó. Bí AS tó fẹ́ AS ló rí: bàbá gbé e, ìyá gbé e, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní in, ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó yẹ tiyín wò, àmọ́ ó dá mi lójú.

Òru ọyẹ́ ọjọ́sí tí imú yín ń ṣẹ̀jẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n gbé orí yín sẹ́yìn, wọ́n da omi tútù lé e. Ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀fun wọlé, ẹ bì í ní dúdú, wọ́n ní inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣe ló yẹ kí ẹ jókòó, kí ẹ tẹ orí síwájú, kí wọ́n fún ibi rírọ̀ imú pọ̀, kì í ṣe egungun òkè, fún ìṣẹ́jú 15 láì ṣí i wò rárá, kí ẹ máa fi ẹnu mí, kí ẹ máa tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu dànù. Òwú gbígbẹ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Nígbà tó dá, èmi ni wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo fà á. Èépá ọgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó bá a jáde, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà wàrà. Ẹ wò mí, ẹ ò sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?

Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà bo nǹkan jù. Ìrọ̀rí tí ẹ ń yí dojú bolẹ̀, aṣọ funfun tí ẹ ò jẹ́ wọ̀, ẹ̀tù orí-fífọ́ tí ẹ ń lá bí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù dé. Aspirin wà nínú ẹ̀tù yẹn. Ó tún ń dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ̀gbọ́n, paracetamol ò wọ́n.

Nǹkan oṣù Àdùkẹ́ ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, ti wálẹ̀ sí 23. Tranexamic acid 500 mg, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè tú, méjì méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni wọ́n kọ fún un, ó tún ń lo oògùn iron. Lọ́jọ́ Ẹtì wọn yóò yọ eyín rẹ̀ kan, wọ́n sì ní kí platelet wà nílẹ̀ kó tó jókòó. Kì í wọ fíríìjì: orí ẹ̀rọ tó ń mì í ló ń wà, ní ìwọ̀n ooru 20 sí 24 Celsius, kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ. A ò sì lè máa fà á sí i lára ṣáá, torí ara lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ènìyàn mẹ́fà ni mo ti bẹ̀ pé kí wọ́n wá fà á sílẹ̀. Méjì gbà. Láti àárọ̀ ni fóònù ọ̀kan ti kú.